Owó Ìdánwò Oògùn: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí Nǹkan Oṣù Ti Dá

  Ẹ̀yin ọkọ wa náà, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín, torí ẹ̀yin lẹ ń gbọ̀n nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì nígbà tí a bá ṣí fèrèsé lóru oṣù January.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo máa ń sọ níbí: owó orí, owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì. Ti ọ̀tẹ̀ yìí náà, ọ̀rọ̀ owó ni, àmọ́ ara wa ló wà nídìí rẹ̀. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun rí àlẹ̀mọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, pé wọ́n ń wá obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún tí ooru ń dà láàmú, kó wá bá wọn dán oògùn wò, wọ́n á sì sanwó fún un. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ tó o mọ ìṣirò, ṣé owó gidi ni àbí wọ́n fẹ́ fi wá ṣe eku?" Kí n tó lanu, àwọn mẹ́ta mìíràn ti sún mọ́ wa, wọ́n na etí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe nǹkan lórúkọ. Obìnrin tí kò bá rí nǹkan oṣù fún oṣù méjìlá gbáko ni àwọn dókítà máa ń sọ pé tirẹ̀ ti dá. Ní Canada níbí, nǹkan bí ọmọ ọdún 51 ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ìyá wa kì í sọ ọ́. "Ara ń dàgbà" ni wọ́n máa ń wí, ọ̀rọ̀ parí. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì nìlú yìí, tí òógùn ń bo lójijì níwájú ọ̀gá tí kò ju ọmọ wa lọ, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń dán wò? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣàpẹẹrẹ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ fezolinetant, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni Veozah. Kì í ṣe họ́mónù. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ara ti ń díwọ̀n ooru àti òtútù. Kó tó dé ilé ìtajà oògùn, wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin ẹni ogójì sí ọdún 65 ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan, Canada sì wà lára wọn. SKYLIGHT ni wọ́n pe àwọn ìdánwò náà. Fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan ń gba oògùn, àwọn kan ń gba hóró òfìfo tí kò ní oògùn kankan nínú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní placebo. Obìnrin náà kò mọ èyí tí òun ń lò, ẹni tó ń fún un pàápàá kò mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 yẹn, nínú SKYLIGHT 1 àti 2, wọ́n gbé àwọn tó ń lo òfìfo bọ́ sórí oògùn gidi fún ọ̀sẹ̀ 40. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà ní May 2023, Canada tẹ̀ lé e ní ìparí 2024. Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ń lọ: ní December 2024 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára páálí oògùn náà, torí pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lára àwọn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, àwọn obìnrin tó bá wọn dán an wò rí oògùn náà lò kí gbogbo ayé tó rí i, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ fi ẹ̀dọ̀ tiwọn wò ó. Ọ̀nà méjèèjì ni idà náà ń gé.

Ibo la ti ń rí wọn? Àlẹ̀mọ́ inú ọkọ̀ àti ìpolówó orí Facebook kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ṣí ClinicalTrials.gov lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2000, àmọ́ ìdánwò káàkiri ayé ló wà nínú rẹ̀, ti Toronto náà wà níbẹ̀. Ẹ tẹ "menopause" tàbí "hot flashes", ẹ yan Canada, ẹ yan Toronto, kí ẹ wá yan "Recruiting", ìyẹn àwọn tó ṣì ń gba èèyàn. Tí ẹ kò bá yan ìyẹn, ẹ ó máa pe nọ́ńbà ilé tí wọ́n ti kó kúrò láti ọdún mẹ́ta. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, NCT ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn ṣe òdiwọ̀n. Bí ẹni tó lẹ ìwé mọ́ inú ọkọ̀ bá ní oògùn lòun ń dán wò, ẹ bi í ní nọ́ńbà NCT rẹ̀, kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Health Canada náà ní ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn fún ìdánwò oògùn tí wọ́n ti yọ̀ǹda, orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun náà wà.

Dókítà ìdílé yín náà ńkọ́? Ẹ bi í. Ilé ìwòsàn Mount Sinai ní yàrá ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá, Women's College sì wà ní òpópónà Grenville, kò jìnnà sí i. Àwọn ilé ìwòsàn tó so mọ́ University of Toronto máa ń ṣe ìwádìí. Kì í sì í ṣe oògùn nìkan ni wọ́n ń wádìí. Oorun, ìgbàgbé, eegun, ìrònú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Òmíràn ìbéèrè lásán ni, wákàtí méjì, ẹ ti parí. Owó irú èyí kéré, ewu rẹ̀ náà sì kéré. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjà mìíràn tún wà, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ilé ìwòsàn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti fi ara ẹni tí kò ṣàìsàn wo bí oògùn ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ tó sì ń jáde. Wọ́n á ní kí ẹ wá sùn lọ́dọ̀ àwọn fún òru bíi mélòó kan, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ yín léraléra. Wọ́n máa ń fẹ́ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, torí kò lè lóyún mọ́. Ibẹ̀ ni owó ti ń pọ̀, tó fi máa ń jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, tó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìtọ́jú kankan nínú rẹ̀ fún yín. Oògùn tí wọ́n ń dán wò lè má kan ooru ara yín rárá. Ní March 2006, ní ilé ìwòsàn Northwick Park ní London, ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le koko gba abẹ́rẹ́ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní TGN1412, tí wọn kò tíì fún èèyàn rí. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn jẹ́ nǹkan bíi £2,000. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń jà fún ẹ̀mí wọn. Wọ́n yè é, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn pàdánù ọmọ ìka. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé wọ́n ti fún èèyàn ní oògùn yìí rí, àbí èmi ni ẹni àkọ́kọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ní kí ẹ wá lẹ́ẹ̀mẹfà, $50 lẹ́ẹ̀kan. $300 nìyẹn. Ó dùn létí. Wákàtí kan ni ẹ ó fi lọ, wákàtí méjì ni ẹ ó lò lọ́hùn-ún, wákàtí kan ni ẹ ó fi padà: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Owó TTC lórí káàdì PRESTO, $3.30 lálọ, $3.30 lábọ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà, ó di $39.60. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku $260.40. Ẹ pín in sí wákàtí 24, ẹ ó rí $10.85. Láti October 2025, iye tó kéré jù lọ tí agbanisíṣẹ́ lè san fún wákàtí kan ní Ontario jẹ́ $17.60. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Brampton tàbí Ajax, tiyín á tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká má tíì sọ ti ẹni tó máa pàdánù owó iṣẹ́ òòjọ́ kó tó lè lọ. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé owó gidi ni, kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi san owó ilé, ẹ jọ̀ọ́, kó wá nǹkan mìíràn ṣe.

Kí ló dé tí owó náà fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìlànà kan wà tí gbogbo ilé ìwòsàn àti yunifásítì tó ń gba owó ìwádìí ìjọba ní Canada gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Tri-Council Policy Statement ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1998 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní owó kò gbọdọ̀ pọ̀ débi tí á fi fọ́ èèyàn lójú sí ewu. Inú rẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó wù mí jù gẹ́gẹ́ bí oníṣirò owó: ẹni tó bá wọlé lè jáde nígbàkigbà, láìsọ ìdí, wọn kò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ mú un ní ọ̀tá tàbí kí wọ́n dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Owó tó ti tọ́ sí i kí ó tó jáde, wọn kò gbọdọ̀ dì í mú. Tí ó bá jẹ́ pé lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n ń sanwó, wọ́n á san ìwọ̀n ibi tó bá a dé. Tí ó bá sì jẹ́ àpapọ̀ owó kan ṣoṣo ni wọ́n ṣèlérí, gbogbo rẹ̀ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó sí hàn yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: "Òyìnbó àti òfin rẹ̀!" Ẹ kò jẹ̀bi. Àwa tí a wà nílé nígbà náà kò gbàgbé Kano. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Ọmọ 200 ni. 100 gba Trovan, 100 gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá nínú wọn kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àrùn náà ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn àwọn, pé àwọn sì gba ìyọ̀ǹda. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀ títí di 2009, tí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano fi parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn $75 mílíọ̀nù. Ẹ̀dùn ọkàn ni. Ohun tó sì wà nídìí ẹjọ́ náà ni ìwé ìfọwọ́sí: ta ló kà á fún ta, ní èdè wo, ṣé wọ́n lóye rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń bínú sí ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé olójú ewé ogún ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní Canada, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán oògùn tuntun wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ Health Canada pé wọn kò takò ó, ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Research Ethics Board sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ yẹn máa ń wà nínú ìwé ìfọwọ́sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dìde, ẹ wọ kóòtù yín. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí àwọn tó fi orúkọ yín sílẹ̀, olè ni, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ kejì.

Kí wá ló dé tí n kò fi kàn sọ pé kí gbogbo wa jókòó sílé? Ẹ gbọ́ ná. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ SWAN, tó ti ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin láti 1996. Ní 2015, wọ́n gbé èsì jáde nípa iye ọdún tí ooru máa ń bá èèyàn jà. Lápapọ̀, tí ẹ bá to àwọn obìnrin náà láti orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn fi ọdún 7.4 jẹ ìyà rẹ̀. Láàárín àwọn obìnrin funfun, 6.5 ni. Láàárín àwọn obìnrin dúdú, 10.1 ni. Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ tí ẹ bí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ á ti máa ṣe homework tirẹ̀ kí ó tó lọ. Àwọn tí ooru ń bá jà pẹ́ jù lọ, ṣé kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń díwọ̀n oògùn rẹ̀? Tí a kò bá sí níbẹ̀, ara ẹlòmíràn ni wọ́n á fi gé aṣọ tiwa.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí mo máa ń rò. Àwọn olùwádìí kan bi àwọn obìnrin Ìbàdàn léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n lásìkò yìí, èsì wọn jáde ní 2009. Kì í ṣe ooru ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìrora oríkèé àti iṣan ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Ẹ wò ó, bí ìyá mi náà ṣe máa ń sọ nìyẹn: "gbogbo ara ń ro mí". Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò oògùn ooru, wọ́n á ní kí obìnrin máa kọ sílẹ̀ iye ìgbà tí ooru mú un, tí kò bá sì pé méje lójúmọ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Kò sí ibi tí wọ́n ń ka orúnkún. Tí wọ́n bá dá yín padà, ẹ má rò pé wọ́n ní kò sí ohun tó ń ṣe yín. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà ni ẹ kò ní. Ẹ gba ilé dókítà lọ fún ìtọ́jú tó ti wà nílẹ̀, torí ó wà. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń sá fún họ́mónù nítorí ìròyìn July 2002, nígbà tí wọ́n dá ìdánwò ńlá Women's Health Initiative dúró lára obìnrin 16,608 torí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ rántí pé àgbà ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn, nǹkan bí ọdún 63 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní, fún ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta tí kò sì ní ìdènà mìíràn lára, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ máa gbé hóró òfìfo mì nígbà tí oògùn tó lè ràn án lọ́wọ́ wà lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, tí kò tíì bèèrè.

Tí ẹ bá wá pinnu pé ẹ ó lọ, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìju, ti iṣẹ́ abẹ tí ẹ ṣe nílé kí ẹ tó wá síbí. Ẹ sọ ti àgbo! Mo mọ̀ pé ìgò kan wà nínú fíríìjì, lẹ́yìn wàrà. Ẹ má torí ojútì fi pamọ́, nítorí àgbo àti oògùn tuntun lè pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan náà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa gé díẹ̀ nínú awọ inú ilé ọmọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn ìdánwò kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dunni. Ẹ bèèrè bóyá ẹ ṣì lè rí oògùn náà lò nígbà tí ìdánwò bá parí. Ẹ gbé ìwé náà relé, ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọkọ bá yín kà á. Tí ọkọ bá kà á, ìmọ̀ràn ló ń mú wá o, ìwọ nìkan lo máa fọwọ́ sí i. Ìwé náà kò sì lè gba ẹ̀tọ́ yín láti lọ sílé ẹjọ́ tí nǹkan bá ṣe yín.

Ẹ̀yin tí màmá yín wá bá yín gbé ọmọ pẹ̀lú super visa, ẹ má mú màmá lọ síbẹ̀ nítorí $50. Wọn kò ní OHIP. Ìwé adójútòfò tí wọ́n gbà wọlé, èyí tó gbọ́dọ̀ tó $100,000 ó kéré tán, ti àìsàn òjijì ni. Ẹ kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ohun tí wọ́n máa ṣe bí ìdánwò oògùn bá mú màmá dùbúlẹ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ èsì wọn, ẹ ó padà sílé.

Ní ti owó orí, ẹ ya owó méjì sọ́tọ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n dá padà fún yín, kì í ṣe èrè. Ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀. Owó tí wọ́n san fún àkókò yín, yálà sọwédowó tàbí káàdì ìtajà, ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ gbé e fún ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí kí òun wò ó. Tí wọ́n bá bi yín ní nọ́ńbà SIN lórí fóònù kí ẹ tó rí ojú wọn, ẹ má sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ti pe nọ́ńbà orí àlẹ̀mọ́ náà. Wọ́n ní kó máa ka ooru rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti fi bírò so mọ́ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọ̀rọ̀ RRSP tí mo ṣèlérí á wà nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.